Ọ̀já Sàkírátù

Bàbá, wọ́n gbé ọkùnrin kan dé lálẹ́ àná
lórí pákó ilẹ̀kùn, láti ọ̀nà Ìlárá.
Ọkọ̀ agbégẹdú ló kọ lu sẹ́mì rẹ̀ ní kọ́nà.
Lásísì lorúkọ ẹ̀. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀,
ó ń bèèrè bóyá táyà iwájú ṣì dára.
Orúnkún rẹ̀ nìkan ló bó díẹ̀,
àwọn tó gbé e wá sì ń sọ pé ọpẹ́ ni, ọpẹ́ ni.

Èmi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.
Méjèèjì dojú kọ ìta bí tọkọtaya tó jà,
ọ̀kan kúrú ju èkejì.
Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú: ìṣàn ń sáré, ó tín-ín-rín
bí òwú tí ọmọdé ń fà.
Mo mọ̀ pé inú ló ń sun sí.

Ṣé ẹ rántí Odùbíyì akọpẹ,
tó já bọ́ lọ́dún tí mo pé mọ́kànlá?
Ẹ ní kí n di àtùpà mú. Ẹ fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ fa tòsì,
ẹ yí i síhìn-ín, ẹ yí i sọ́hùn-ún,
ẹ tẹ ìbàdí rẹ̀ láti gbọ́ bí egungun ti máa dún.
Ó dún.
Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí ẹní.
Kí àkùkọ tó kọ, ó ti funfun bí ẹ̀kọ tútù.
Ẹ ní ayé ló ṣe é. Ẹ ò jẹun fọ́jọ́ mẹ́ta.

N kò tíì rí ẹni tó ń to apá bíi tiyín;
owó apá àti ojúgun lẹ fi rán mi nílé ẹ̀kọ́.
Ṣùgbọ́n ìbàdí kì í ṣe apá, Bàbá.
Igbá ni. Bó bá là, gbogbo ara lè dà sínú rẹ̀
kí ilẹ̀ má sì tutù.

Nítorí náà, n kò tẹ̀ ẹ́. N kò yí i.
Mo pariwo kí ẹnikẹ́ni má gbé e jókòó.
Ìgbánú tí wọ́n ṣe fún irú èyí, tiwa ti já látọdún tó kọjá.
Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Sàkírátù ìyàwó rẹ̀,
ọmọ lẹ́yìn, ó ń gbọ̀n.
"Tú ọ̀já rẹ fún mi."
Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ awọ ara rẹ̀.
Ó tú u.

A ki ọ̀já gba kòtò ẹ̀yìn, a rọra fà á wálẹ̀.
Kì í ṣe ibi tí obìnrin ń so ìlẹ̀kẹ̀ sí,
ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni, níbi tí orí itan ti yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.
Ẹni tó bá so ó sókè, ikùn ló so.
Mo fà lápá kan, Mùtíù fà lápá kejì,
à ń wo ojú ara wa kí ìfà má ju ìfà,
bí ẹni ń gán igbá.
Mo ta kókó. Mo so orúnkún mọ́ orúnkún,
àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kojú àtàǹpàkò.
Mo fi bíìkì kọ aago sára aṣọ: mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje.

Ìyá àgbà kan lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ ti pọ̀n ọ́n nù un."
Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Kétu ni wá, a mọ ìtàn ilẹ̀kùn.
Àkàbà Ìdènà, wọ́n tì í kí ogun má wọlé.
Tèmi, mo tì í kí onílé má jáde.

Kì í ṣe ìwòsàn, mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.
Àsìkò díẹ̀ ni mo rà fún un,
bí ẹni ra kpayo lítà kan, kó lè dé Pọbẹ̀,
níbi tí wọ́n ní ọ̀bẹ, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ nínú fíríjì.
Mo ní kí awakọ̀ rọra lórí gegele,
kí wọ́n má tú kókó náà kí wọ́n tó múra tán.
Sàkírátù bá a lọ. Apá ló fi gbé ọmọ,
nítorí ọ̀já rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ilẹ̀ ti mọ́. Pọbẹ̀ ò tíì pè.
Mo ń fọ pákó ilẹ̀kùn tí wọ́n fi gbé e wá.
Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí rẹ̀.